Máàpù Òkè Tó Lè Ya

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ yíya máàpù ilẹ̀, bá wa sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ tó kọjá ní London. Àwọn tí kò ráyè wá ló bẹ̀ wá pé kí a tẹ̀ ẹ́ síbí.)

Alága ní kí n má gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ nítorí pé oúnjẹ ti délẹ̀, èmi náà sì ti ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí yìí.

Iṣẹ́ mi ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mo máa ń ya máàpù àwọn òkè tó lè ya. Ẹ má rẹ́rìn-ín, èdè wa ló fi ọ̀rọ̀ kan náà pe méjèèjì. Bí òjò bá rọ̀ títí tí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè mu omi yó, tí kò lè di ara rẹ̀ mú mọ́, tó wá já wálẹ̀ tòun ti igi, òkúta àti ilé tó wà lórí rẹ̀, ohun tí mò ń pè ní òkè yíya nìyẹn.

Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa pè mí lórí fóònù. Ọkọ wọn jẹ́ ọmọ Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Àbúrò ọkọ wọn ti rí ilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn Freetown, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa tí ènìyàn sì lè máa wo òkun láti ẹnu ọ̀nà. Owó rẹ̀ kò ga. Wọ́n fi fọ́tò ilẹ̀ náà ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìwọ lo mọ̀ nípa máàpù, ṣé ibẹ̀ dára?” Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n wò ó, Mà.”

Ìbéèrè yẹn dà bí èyí tó rọrùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wò ó, síbẹ̀ n kò lè fún wọn ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ tí wọ́n ń retí. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe àwọn nìkan ló ń fi owó kọ́lé ránṣẹ́ sí ibi tí wọn kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀.

Sàró kì í ṣe ìlú àjèjì sí wa. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú ní 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn ń gba àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Freetown. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, àwọn tí wọ́n ń pè ní Àkú níbẹ̀. Wọ́n tẹ abúlé dó fún àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yìí lórí òkè: Regent, Gloucester, Charlotte, Bathurst. Àjàyí Crowther tí gbogbo wa mọ̀, Freetown ni wọ́n gbé e dé ní 1822, Bathurst ni wọ́n sì mú un lọ. Nítorí náà, nígbà tí mo bá dárúkọ Regent, kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wa wà níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, ẹ̀gbẹ́ Òkè Sugar Loaf ya ní Regent. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, òjò tó ju 1,000 mìlímítà lọ ti rọ̀ sí Freetown, ó tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n máa ń rí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ṣì wà lórí ibùsùn. Tí a bá ka òkú tí wọ́n rí pọ̀ mọ́ àwọn tí wọn kò rí mọ́, iye wọn jẹ́ 1,141. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lórí àwọn òkè náà. Ní 1945, òkè ti ya ní Charlotte, tí kò jìnnà sí Regent.

Bí ẹ bá béèrè ohun tó fà á, gbogbo ènìyàn ló ní ìdáhùn. Wọ́n gé igbó, wọ́n kọ́lé síbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òjò sì pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n gé igbó níbòmíràn lórí àwọn òkè yẹn kan náà, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, òjò yẹn náà rọ̀ síbẹ̀, kò sì ya. Kí ló dé tí ibí fi ya tí ọ̀hún kò ya? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi gáréèjì ṣàpèjúwe. Ká ní ọkọ̀ 100 ló ń ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin, tí 20 nínú wọn jẹ́ ògbólógbòó. Ká ní akọ̀wé kan wà ní gáréèjì tó ń kọ gbogbo ọkọ̀ tó bá dákú lọ́nà sílẹ̀. Ní ìparí ọdún, ó ka ìgbà 50 tí ọkọ̀ dákú, ó sì rí i pé 30 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ògbólógbòó. Ẹ wò ó: ògbólógbòó jẹ́ 20 nínú 100 lára ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ 60 nínú 100 lára wàhálà. Bí a bá fi 20 pín 60, 3 ló máa jáde. Ìyẹn ni pé ìpín wọn nínú wàhálà jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ìpín wọn nínú ọkọ̀. Ká ní 1 ló jáde ni, á jẹ́ pé ọjọ́ orí ọkọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá tiẹ̀ tó 1, á jẹ́ pé ògbólógbòó sàn ju tuntun lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì rí gáréèjì bẹ́ẹ̀.

Ohun tí à ń ṣe fún òkè nìyẹn gan-an. Kọ̀ǹpútà á gé gbogbo ilẹ̀ náà sí igun mẹ́rin wẹ́wẹ́ bí ìwé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ 30 mítà ní ìbú àti 30 mítà ní òró. Fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ó kọ bó ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó, irú òkúta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bóyá igbó ni tàbí oko tàbí ilé, bó ṣe jìnnà sí odò tó, bó ṣe jìnnà sí ọ̀nà mọ́tò tó. Lẹ́yìn náà la ó wá wo ibi tí òkè ti ya rí. Ká ní ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ ju 30 dìgírì lọ jẹ́ 10 nínú 100 gbogbo ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí 40 nínú 100 ibi tó ti ya wà lórí rẹ̀, 4 ló jáde. Nígbà tí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo nǹkan, ẹyọ tí nǹkan burúkú pọ̀ sí lórí á pọ́n lórí máàpù, èyí tó wà ní àlàáfíà á jẹ́ àwọ̀ ewé.

Ìṣirò yìí máa ń já irọ́ tí ojú ń pa. Ẹ ó rò pé bí òkè bá ṣe ga gòǹgò tó ni ewu rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ibi tó ga jù sábà máa ń jẹ́ àpáta lásán. Ẹni tó bá ti gun Olúmọ tàbí Ìdànrè mọ̀ pé orí àpáta bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí yóò já. Òkúta lè yí bọ́, ìyẹn jẹ́ ẹjọ́ mìíràn. Ibi tó dà gẹ̀rẹ́ tó ṣì ní ilẹ̀ pupa tó jinlẹ̀ lórí ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ìṣòro kan wà tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ yìí sábà máa ń kó sí. Ká ní ẹlẹ́rìí méjì wá sí kóòtù, wọ́n sọ ohun kan náà. Adájọ́ á gbà pé ẹ̀rí ti lágbára. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ọmọ ìyá kan tí wọ́n jọ dé láti ilé kan náà, ẹ̀rí kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́. Ibi tó dà gẹ̀rẹ́ kì í sábà ní oko, ibi tí kò ní oko ni igbó sábà máa ń wà. Bí a bá ka gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹlẹ́rìí kan, tí a tún ka igbó sí ẹlẹ́rìí mìíràn, ọmọ ìyá kan la ń kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà kan tó gbajúmọ̀ tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rí pọ̀ wá láti inú ìṣirò Thomas Bayes, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1761, ibojì rẹ̀ wà ní Bunhill Fields níbí ní London, ẹ lè lọ wò ó. Àmọ́ ọ̀nà náà gbà pé kò sí ẹlẹ́rìí tó bá ẹlẹ́rìí tan. Ọ̀nà mìíràn wà, tí wọ́n ń pè ní logistic regression, tó máa ń gbé gbogbo ẹlẹ́rìí dúró pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó tó mọ èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀wọ̀n. Òun náà kò lè ṣe iṣẹ́ ìyanu. Èmi tiẹ̀ fẹ́ràn kí n ṣe méjèèjì, kí n wo ibi tí ẹnu wọn kò ti kò.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé máàpù kan ṣeé gbọ́kàn lé? Ìdánwò la ń ṣe fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ibí yìí ju gbogbo ibi yòókù lọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn pọ̀ sí. Olùkọ́ tó bá fi ìbéèrè ìdánwò kọ́ ọmọ ní kíláàsì kò gbọdọ̀ máa jó nígbà tí ọmọ náà bá gba 100. Bí a bá fi gbogbo ibi tó ti ya ya máàpù, tí a tún wá ń yọ̀ pé máàpù náà mọ gbogbo ibẹ̀, ara wa la ń tàn. Ohun tó yẹ ni kí a fi díẹ̀ pamọ́. Èyí tó dára jù ni kí a fi èyí tó ya láyé àtijọ́ ya máàpù, kí a wá wo bóyá èyí tó ya lẹ́yìn náà bọ́ sínú ibi tó pọ́n. Wọ́n máa ń fún máàpù ní máàkì láti 0.5 dé 1. 0.5 dà bí ẹni tó ń ta kọ́bọ̀ sókè, 1 ni ẹni tí kò ṣì í rárá.

Ṣùgbọ́n máàkì náà ṣeé fi wúrúkú gbà. Bí mo bá fẹ́ kí máàkì mi ga, n ó kàn fi ilẹ̀ pẹrẹsẹ etí òkun kún ìṣirò mi ni. Kọ̀ǹpútà á sọ pé òkè kò lè ya ní etí òkun, á gba á, máàkì á sì ga fíofío. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìyá tó fẹ́ ra ilẹ̀ lórí òkè kò béèrè nípa etí òkun. Ìyàtọ̀ láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan àti èkejì ni wọ́n ń béèrè, ibẹ̀ gan-an ni máàpù kì í ti í mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀.

Àkọsílẹ̀ akọ̀wé gáréèjì yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tó dákú nítòsí gáréèjì nìkan ló ń kọ, á rò pé ìtòsí gáréèjì ló ń ba ọkọ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí pẹ̀lú òkè. Èyí tó bá ya sójú ọ̀nà mọ́tò, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó dí ọ̀nà. Èyí tó ya nínú igbó, igbó á hù bò ó láàárín ọdún díẹ̀, sátẹ́láìtì kò ní rí i mọ́. Máàpù á wá máa fi ẹ̀sùn kan ọ̀nà mọ́tò ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà abúlé, àwọn tó mọ ibi tí oko bàbá wọn wà kó tó rì. Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń rò pé mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ ni.

Bí máàpù bá tilẹ̀ dára, ó ní ohun tí kò mọ̀. Kò mọ ọjọ́. Ibi tó jọ ibi tó ti ya ló ń fi hàn, kò sọ pé ọ̀la ni tàbí lẹ́yìn 50 ọdún. Òjò ló ń sọ ìyẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn òjò ní Rio de Janeiro, tí wọ́n sì ti gbé fèrè ìkìlọ̀ sáwọn àdúgbò orí òkè láti 2011, kí ó máa ké bí òjò bá ti kọjá ìwọ̀n.

Ohun kejì ló dùn mí jù nípa Freetown. Orí òkè ni ilẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ àti òkúta náà kò dúró síbẹ̀. Wọ́n kó sójú odò Babadorie, wọ́n sì tẹ̀ lé àfonífojì náà lọ sísàlẹ̀ títí dé ọ̀nà Lumley. Ọ̀pọ̀ tó kú kò gbé lórí ibi tó ya rárá, etí odò ni wọ́n kọ́lé sí. Máàpù ìṣirò tí mo ṣàlàyé yìí lè kun etí odò bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ ewé, nítorí ibẹ̀ kò dà gẹ̀rẹ́. Iṣẹ́ mìíràn lọ́tọ̀ ni láti mọ ibi tí èyí tó já yóò gbà lọ, ẹni tó bá ta máàpù kan fún yín láìṣe ìkejì ti ta ààbọ̀ ọjà.

Ẹ̀kẹta, ibi tó lè ya àti ibi tí ènìyàn yóò ti kú kì í ṣe ọ̀kan náà. Òkè tó ya nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbé, igi ló pa. A ní láti mọ iye ilé tó wà níbẹ̀ àti bí ilé náà ṣe lágbára sí. N kò sì fẹ́ràn bí àwọn kan ṣe ń mú máàpù lọ lé tálákà kúrò lórí òkè láìfún wọn níbi tí wọn yóò lọ. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ̀ pé ewu wà. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọn kò lówó rẹ̀.

Ìlú tó mú ọ̀rọ̀ yìí ní òkúnkúndùn ni Hong Kong. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1972, òkè ya níbi méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó pa ènìyàn 71 ní Sau Mau Ping àti 67 ní Po Shan Road. Ní 1977, ìjọba dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkè nìkan. Lónìí, àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ènìyàn fọwọ́ gé, tí wọ́n tó 60,000, ló wà nínú ìwé wọn, wọ́n sì kan páálí tó ní nọ́ńbà mọ́ wọn lára bí nọ́ńbà ilé. Owó pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́.

Àwọn tó ti pẹ́ nílùú yìí kò ní gbàgbé Aberfan ní Wales. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1966, òkìtì pàǹtí èédú tí wọ́n kó jọ sórí òkè já wá sórí iléèwé àwọn ọmọdé. Ènìyàn 144 ló kú, 116 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Orí ìsun omi ni wọ́n kó òkìtì náà jọ sí, ìsun náà sì wà lórí máàpù ìjọba kedere. Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀. Ẹni tí yóò ṣí máàpù wò ni wọn kò ní.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ilẹ̀ ìyá wa. Nígbà tí mo wo máàpù, ilẹ̀ náà bọ́ sínú ẹyọ kan tó ní àwọ̀ ọsàn, kò pọ́n, kò sì jẹ́ ewé. Ṣùgbọ́n ẹyọ náà jẹ́ 30 mítà sí 30 mítà, ilẹ̀ wọn kò sì ju ìlàjì rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni máàpù fún gbogbo ẹyọ náà. Kò rí i bí ẹnì kan bá gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé lánàá, kò rí gọ́tà. Àdúgbò ni máàpù bẹ́ẹ̀ lè dáhùn fún, kò lè dáhùn fún pulọ́ọ̀tì kan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, “Kí wá ni ìwúlò rẹ̀?” Mo ní ìwúlò rẹ̀ ni pé ó sọ ibi tó yẹ kí ènìyàn lọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wò kó tó sanwó.

Wọ́n wá bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn kan pé kó lọ wò ó lẹ́yìn òjò, kó má mú ẹni tó ń ta ilẹ̀ dání. Mo ní kó wò bóyá ìdí igi tẹ̀ bí ọ̀pá ìjúbà, bóyá ilẹ̀ tàbí ògiri aládùúgbò ti sán, bóyá omi ń sun níbi tí kò ti sun tẹ́lẹ̀, ohun tó wà lókè ilẹ̀ náà àti ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Fọ́tò mọ́kànlá ló fi ránṣẹ́. Nínú ìkẹrin, ẹ̀yìn ilẹ̀ náà jẹ́ ògiri ilẹ̀ pupa tí ẹnì kan gbẹ́ tó ga ju ilé lọ, kò sí ohunkóhun tó dì í mú. Nínú ìkeje, kòtò odò gbígbẹ kan wà lókè tó kọjú sí ilẹ̀ náà gbọnrangandan. Ẹni tó ya fọ́tò kò mọ ohun tó rí, òdòdó ló ń fi hàn wá.

Mo ní, “Mà, bó bá jẹ́ owó mi ni, n kò ní rà á.” Wọn kò rà á. Àbúrò ọkọ wọn kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa láti ìgbà yẹn, ó ní mo jẹ́ kí ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ẹlòmíràn ti rà á. Ní oṣù tó kọjá, a gbọ́ pé ilé náà ti dé ojú fèrèsé.

Mo gbé máàpù náà wá, ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó ń rò lórí òkè, níbikíbi tó bá jẹ́, kó mú fọ́tò rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn oúnjẹ, n kò ní gba kọ́bọ̀. Kí ẹ ṣáà ti fọ epo kúrò lọ́wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.